Ẹ̀fọ́ Yìnyín Tí Ìyá Àdìsá Kò Jẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí sùúrù ṣe ń tán lára ènìyàn, kó lọ bi Naimat, ìyàwó Abdulmumini, léèrè. Lọ́dún FESTAC, nígbà tí ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo ará Ìlọrin là, obìnrin yìí ni ẹ ó bá nílé ìdáná rẹ̀ ní GRA, tó dúró ti sítóòfù gáàsì, tó so ìró mọ́dìí gírígírí, tó ń wo ẹ̀fọ́ òyìnbó tó le koránkorán nínú náílọ́ọ̀nù. Ẹ̀fọ́ tí ènìyàn lè jù lu olè. Wọ́n sì ní kó sè é, kó dùn.

Ọkọ rẹ̀ ló kó o bá a. Abdulmumini kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọ̀gá ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba, kì í mutí, kì í fi ìrun ṣeré, ó sì fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ìjọba ti rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù díẹ̀ nílùú òyìnbó, láti ìgbà tó sì ti dé ni kò ti lè jẹ ìrẹsì tàbí iṣu mọ́ kí ohun kan tó ní àwọ̀ ewé má wà nínú àwo. Kì í ṣe nínú ọbẹ̀ o. Ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ, láyè ọ̀tọ̀, bí àlejò tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n ní kó jókòó sí.

Nígbà tó ra fírísà, àwọn ọkùnrin tó gbé e wọlé mí títí. Ó wá lọ kó ohun kún inú rẹ̀ láti ilé ìtajà kan láàárín ìlú, níbi tí àwọn ọ̀gá ìjọba ti ń rajà: píìsì roboto-roboto, bíìnsì tútù tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tó dì bíi búlọ́ọ̀kù, àti páálí adìẹ òyìnbó tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti gé orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù. Gbogbo rẹ̀ dì gbagidi pọ̀ lójú kan. Ó pe gbogbo ará ilé wá wo yìnyín, títí kan ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti abúlé. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, wàhálà ọjà ti tán fún Naimat. Naimat dúpẹ́. Kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí.

Nítorí ìyá ọkọ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fi di ìjà. Hàlímọ̀tù ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Àdìsá ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí Àdìsá ni oríkì Abdulmumini. Abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin ló ń gbé, níbi tó ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà, tó sì ń sin ewúrẹ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nígbà tí òòyì kọ́ ọ lóko, tó ṣubú lórí ebè, ni ọmọ rẹ̀ lọ gbé e wá sí GRA. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ìyá yìí. Ó fún un lóògùn, ó ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì mú un padà wá. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá gòkè, òun yóò dá a dúró sí ọsibítù. Ìyá Àdìsá kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọsibítù. Àbúrò rẹ̀ wọ ibẹ̀ nígbà kan, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí Ìyá Àdìsá jẹ ẹ̀fọ́. Bó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á le. Bí kò bá jẹ ẹ́, ohunkóhun tó bá ṣe é, Naimat ni wọ́n máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Kò ní sí agbo ilé kan láti Ọjà-Ọba títí dé Ipata tí wọn ò ní gbọ́ pé ìyàwó GRA febi pa ìyá ọkọ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ti Naimat ni, ì bá lọ ra tẹ̀tẹ̀ ní ọjà Ipata kí ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ìwọ̀nba ẹ̀fọ́ tó wà lọ́jà ti rọ, eruku ti bò ó, Abdulmumini sì ní omi gọ́tà ni wọ́n ń bu rin ín. Ó ní ti inú fírísà ló mọ́. Ọ̀rọ̀ mímọ́ yìí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀nà tí ìyá tó bí Naimat kọ́ ọ ló kọ́kọ́ gbà sè é. Kò sí obìnrin kan ní Ìlọrin tó mọyì ara rẹ̀ tí kò mọ̀ pé wọ́n máa ń bọ ẹ̀fọ́, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á sì fún omi rẹ̀ dànù kó tó kan ọbẹ̀. Ẹni tí kò bá fún ẹ̀fọ́, ọ̀lẹ ni. Naimat sá bíìnsì náà sóòrùn kó yọ́, ó bọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó fún un tọwọ́tọwọ́. Nígbà tó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ohun tó bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fọ́ mọ́, ó ti di ohun tí ọmọ ọwọ́ pọ̀ jáde. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, adùn rẹ̀ ti bá omi lọ. Ó fi ata sí i títí, ata nìkan ló ń dùn.

Abdulmumini ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó bọ́ kóòtù, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó wọ ilé ìdáná bí ẹni wọ ọ́fíìsì. Ó gbé omi kaná, ó da iyọ̀ sí i, ó da píìsì sí i, ó dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tó jinná, ó sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ó kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu, ó ní bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún nìyẹn. Naimat tọ́ ọ wò. Ó béèrè pé ọbẹ̀ rẹ̀ dà. Ọkọ rẹ̀ ní kò ní ọbẹ̀. Naimat wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà.

Nígbà méjèèjì, wọ́n gbé abọ́ síwájú Ìyá Àdìsá. Ìyá náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó súre fún Naimat, ó ní òun ti yó. Kí ló jẹ tó fi yó? Búrẹ́dì àti tíì tó mu láàárọ̀ ni. Àmọ́ Naimat kò bá a wí nígbà yẹn, torí òun náà kò lè jẹ ẹ́.

Ó wá ka ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ló ti rí i pé wọ́n ti bọ ẹ̀fọ́ náà kí wọ́n tó dì í, pé gbogbo ìgbà tí òun ń tún un bọ̀, ṣe ni òun ń sin òkú lẹ́ẹ̀mejì. Ó pòṣé tó gùn. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n kọ ohun tó ṣe pàtàkì sí, wíntínwíntín, bí ẹni pé wọn ò fẹ́ kí ẹni tó rà á rí i.

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ọn. Kò jẹ́ kí bíìnsì yọ́ mọ́. Ó máa ń gbé páànù tó fẹ̀ kaná, á jẹ́ kí òróró gbóná dáadáa, á gé àlùbọ́sà sí i. Nígbà tí àlùbọ́sà bá ti ń pọ́n létí, á da bíìnsì náà sí i bó ṣe le tó. Á pariwo ṣàà, òróró á ta sí i lápá, Naimat á bú u. Kì í dé e, torí bí ènìyàn bá dé e, omi rẹ̀ á kó jọ, ohun tí wọ́n ń dín á di ohun tí wọ́n ń sè. Tàtàṣé gígún díẹ̀, edé gbígbẹ díẹ̀, kò ní pẹ́ rárá tó fi máa sọ ọ́ kalẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ á ṣì máa tàn, tí á sì máa dún lẹ́nu bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́.

Ti píìsì tún yàtọ̀. Ó máa ń ra wàrà lọ́wọ́ ìyá Fúlàní tó ń gbé e wá sẹ́nu géètì, á gé e wẹ́wẹ́, á dín in títí ara rẹ̀ á fi pọ́n, á wá da píìsì lé e pẹ̀lú atalẹ̀ àti ata gbígbẹ. Ẹ̀fọ́ tó dì bíi búlọ́ọ̀kù nìkan ló ń jẹ́ kó yọ́, ìyẹn nìkan náà ló sì ń fún, torí omi ló kún inú rẹ̀. Á yan ẹ̀gúsí nínú páànù tí kò ní òróró, á lọ̀ ọ́, á fi irú àti epo pupa díẹ̀ rò ó mọ́ ọn títí á fi gbẹ. Bó bá ti débi irú yìí, gbogbo àdúgbò ti mọ̀.

Ìyàwó Jídé, onígbàgbọ́ ará Òmù-Àrán tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ilé kejì, gbọ́ òórùn náà láti ẹ̀yìn ọgbà, ó gbé abọ́ wá. Abdulmumini jẹ ẹ́ títí ó fi tú bẹ́líìtì. Abdulkadir, àkọ́bí wọn, ọmọ tí kì í fẹnu kan ohunkóhun tó bá jọ ewé, ń fi búrẹ́dì nu àwo. Wọ́n wá gbé e síwájú Ìyá Àdìsá.

"Ó ń ta sánsán, ìyàwó mi," ni ìyá náà wí, ó sì fimú fà á bí ẹni pé imú ni yóò fi jẹ ẹ́. "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ. Mo ti yó."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ìyá náà bú u ni, ì bá sàn. Bó bá ní kò dùn, Naimat á mọ ohun tó kù kó tún ṣe. Àmọ́ báwo ni ènìyàn ṣe ń bá "mo ti yó" jà? Àdúrà ló ń fi gbé abọ́ padà, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú tí ilẹ̀ ń mọ́. Naimat á ṣe àmín, á gbé abọ́ lọ sílé ìdáná, á dojú kọ ògiri. Iṣu sísun ni ìyá náà ń jẹ, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì, ó sì ń gbẹ sí i, bùbá rẹ̀ ti ń yọ́ kúrò léjìká.

Naimat tiẹ̀ rú òfin ọkọ rẹ̀. Ó yọ́ lọ sí Ipata, ó ṣa ṣọkọ tó dára díẹ̀ lára èyí tó wà níbẹ̀, ó fi í pamọ́ sínú fírísà kó má baà ṣá, ó sì rò ó lọ́jọ́ kejì bí wọ́n ṣe ń rò ó lóko. Ìyá Àdìsá kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé níbo ni ẹ̀fọ́ náà sùn sí. Naimat, tí inú rẹ̀ ti ń dùn, sọ pé inú fírísà ni, kí wọ́n wò ó bí àwọ̀ rẹ̀ kò ṣe yí padà. Ìyá náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ti yó. Ọjọ́ náà ni Naimat gbà pé ìyá yìí kórìíra òun ni, pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àdùnní dé. Ẹ̀gbọ́n Abdulmumini obìnrin ni, ilé ọkọ rẹ̀ wà láàárín ìlú àtijọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Naimat, ó tún wo ìyá rẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ń fún Màámi lóúnjẹ nínú ilé ńlá yìí, ó sì rẹ́rìn-ín sí i kó lè jọ àwàdà. Ó wọ yàrá lọ bá ìyá rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde, ọ̀rọ̀ ti parí: bó bá di Jímọ̀ tó ń bọ̀, Àdùnní yóò wá mú Màámi padà sí abúlé.

Abúlé tí kò ní dókítà, tí kò ní mọ́tò lójoojúmọ́, tí òòyì ti kọ́kọ́ gbé e ṣánlẹ̀. Naimat mọ ohun tí wọ́n ń lọ bá níbẹ̀. Abdulmumini náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kàkà kó bi ìyá rẹ̀ léèrè kí ló dé, ìyàwó rẹ̀ ló kọjú sí. Ó ní ó lè jẹ́ pé Naimat kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáná fún àgbàlagbà. Ó ní bóyá kó gbìyànjú bọ́tà. Naimat gbọ́ bọ́tà. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kó má baà sọ ohun tí kò ní ṣeé kó padà sẹ́nu.

Ibẹ̀ ló ti rí wọn. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn yàrá mègádì, Ìyá Àdìsá jókòó lórí ẹní Danjuma tó ń ṣọ́ géètì. Abọ́ túwó wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà, ewé igi oṣè tí wọ́n ti sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná, èyí tí Danjuma máa ń sè fúnra rẹ̀ lórí ààrò mẹ́ta. Ẹni tó ti yó láti ọjọ́ tó ti dé, ẹ wá wo bó ṣe ń gé òkèlè. Ó ń fi ìka nu ẹ̀gbẹ́ abọ́.

Naimat rìn tọ̀ wọ́n lọ. Ìyá ọ̀gá, nínú abọ́ mègádì, nígbà tí ẹ̀fọ́ tí òun fi ọwọ́ tí òróró ti jó dín ń tutù lórí tábìlì. Danjuma rí ojú rẹ̀, ó dìde, ó kí i, ó rántí pé ó yẹ kí òun wà ní géètì. Naimat kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, torí wọ́n tọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Màámi, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ìyá Àdìsá nu ọwọ́ rẹ̀. "O ò ṣe nǹkan kan fún mi."

"Ẹ ò jẹ oúnjẹ mi láti ọjọ́ tí ẹ ti dé. Ẹ wá ń jẹ ti Danjuma. Bí ẹ bá kórìíra mi, ẹ sọ ọ́ kí n mọ̀."

Ìyá náà yí orí padà. Ó wo apá ọ̀dọ̀ ilé bóyá ọmọ rẹ̀ wà nítòsí. Nígbà tó rí i pé kò sí níbẹ̀, ohun tí Naimat kò retí rárá ló bi í.

"Ta ló pa adìẹ inú àpótí yẹn?"

"Adìẹ wo, Màámi?"

"Adìẹ tí ẹ tò ti ẹ̀fọ́. Mo rí i lọ́jọ́ tí Àdìsá ní kí a wá wo yìnyín. Ta ló pa á? Ta ló ṣe bísímílà sí i?"

Naimat yíjú wo apá ilé ìdáná.

"Èmi ò mọ ẹni tó pa á, ẹ̀yin náà ò mọ̀," ni ìyá náà wí. "Òkúǹbete tí wọn ò dúńbú ni lójú tèmi. Ó sùn ti ẹ̀fọ́, ìkòkò kan náà lẹ sì fi ń sè wọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"Ilé ọmọ mi ni. Ṣé kí n jókòó sílé ọmọ mi kí n máa pe oúnjẹ rẹ̀ ní òkú? Kí Àdùnní gbọ́, kó di ọ̀rọ̀ ìlú?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ náà sì rèé, ọmọ àáfà. Mo rò pé o mọ̀ ni. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní GRA."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Naimat lára ju gbogbo "mo ti yó" tó ti gbọ́ lọ. Àáfà Àbdùlsàlámì ni bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú láàárín ìlú, tí kì í jẹ ẹran tí kò bá mọ ẹni tó dúńbú rẹ̀. Òun ọmọ rẹ̀ ló wá ń já páálí adìẹ, tó ń sè é fún ọkọ àti ọmọ, tí kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan torí pé àwòrán àkùkọ tó wà lára páálí náà dára. Ojú tì í. Bí ojú ṣe ń tì í ni inú tún ń bí i, sí ara rẹ̀, àti sí ìyá tó lè máa febi pa ara rẹ̀ kó má baà sọ gbólóhùn kan. Ó wá bínú sí Abdulmumini jù, torí òun ló wà nítòsí jù.

Nígbà tí Naimat kó ọ̀rọ̀ náà bá a, Abdulmumini kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ọ̀gá tó wà ní GRA ló ń ra adìẹ náà, títí kan àwọn tó ti lọ sí Mẹ́kà. Ó ní ẹni tó ń tà á sọ fún òun pé kò séwu. Ó ní bó tiẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọ́ wà nínú náílọ́ọ̀nù tirẹ̀, adìẹ wà nínú náílọ́ọ̀nù tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe bí náílọ́ọ̀nù ṣe ń dé ohun pa. Naimat dúró títí ó fi ṣe tán.

"Ẹ dárúkọ ẹni tó pa á fún mi, Bàbá Abdulkadir."

Abdulmumini dìde. Ó bá kọjá sí yàrá ìyá rẹ̀ láti lọ ṣàlàyé náílọ́ọ̀nù fún un. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní Màámi ti gbọ́, ọ̀rọ̀ ti yanjú, kí wọ́n gbé ẹ̀fọ́ wá. Wọ́n gbé ẹ̀fọ́ lọ. Ìyá Àdìsá súre fún ọmọ rẹ̀, ó ní ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìwé tó kà kò já sí asán. Ó wá ní òun ti yó. Ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Lọ́jọ́ kejì, bí mọ́tò Abdulmumini ṣe jáde ní géètì, Naimat ṣí fírísà. Ó kó gbogbo adìẹ náà jáde, ó kó gbogbo ẹ̀fọ́ tó sùn tì wọ́n náà jáde, ó gbé wọn fún ìyàwó Jídé. Ìyàwó Jídé dúpẹ́ títí, ó béèrè bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Naimat ní kò sí nǹkan kan. Ó yọ fírísà náà kúrò nínú iná. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó lọ pe Ìyá Àdìsá, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n wá jókòó kí wọ́n máa wo òun.

Ìyá Àdìsá ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Naimat ní ó le tó bẹ́ẹ̀. Ó da omi gbígbóná sínú fírísà, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó gbọ́n ọn gbẹ, ó tún un fọ̀. Ó kó gbogbo ìkòkò àti páànù síta, ó fi iyanrìn àti ọṣẹ dúdú bó wọn títí èékánná rẹ̀ fi ń ta á. Ìyá náà kọ́kọ́ ń sọ pé ó ti tó, ó ti tó. Nígbà tó ṣe, ó nawọ́ sí igun kan nísàlẹ̀ fírísà, ó ní ibẹ̀ yẹn kò mọ́. Naimat fọ ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó, òógùn ń wọ ọ́ lójú nínú ọyẹ́, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ pé kò sí ìyàwó mìíràn ní gbogbo GRA tí ojú rẹ̀ ń rí èyí.

Abdulmumini dé, ó bá fírísà tó ṣófo. Ó béèrè pé àwọn adìẹ òun dà. Naimat ní kó bi Jídé. Kó tó gbẹ́nu sókè, ó ti rí ìyá rẹ̀ lórí àga, ó ti rí àwọn ìkòkò tó ń dán nínú oòrùn, ó gbé ẹnu náà padà. Naimat sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ pé kó padà lọ ra ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ nìkan. Bó bá wu ú láti jẹ adìẹ, adìẹ ààyè wà ní Ipata, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò sì máa fi pa á. Abdulmumini wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó ti pẹ́ tó ti ń di bírò nìkan mú. Ó kùn jáde lọ. Ẹ̀fọ́ nìkan ló rà dé.

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tó kù ọ̀la kí Àdùnní dé, lẹ́yìn tí wọ́n kírun àlàásárì, Naimat tún gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àdìsá wo bó ṣe já náílọ́ọ̀nù, bó ṣe jẹ́ kí òróró gbóná, bó ṣe da bíìnsì sí àárín àlùbọ́sà tó ti pọ́n. Ariwo rẹ̀ dẹ́rù bà á díẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó béèrè pé ṣé kì í yọ́ kí wọ́n tó dín in ni. Naimat ní rárá. Ìyá náà ní ohun tí ojú kò rí rí kò tán láyé yìí, ó sì fẹ́ mọ ìdí tí kò fi dé e. Naimat ṣàlàyé.

Ó bu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un. Ìyá Àdìsá ṣe bísímílà. Ó fi ìka mú bíìnsì kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jẹ ẹ́. Ó mú òmíràn. Ó fi iṣu tẹ̀ lé e. Naimat kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń retí àdúrà. Ó mọ àdúrà náà lórí, ó ti ṣe àmín sí i títí ó ti sú u, bó bá sì tún gbọ́ ọ lónìí, kò mọ ohun tí òun máa ṣe.

"Ìyàwó mi."

"Màámi."

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó." Ìyá Àdìsá gbé òmíràn mì. "Àlùbọ́sà rẹ̀ sì pọ̀ jù. Bí mo bá máa pẹ́ lọ́dọ̀ yín, ó yẹ kí o mọ̀ pé èmi kì í fẹ́ àlùbọ́sà tó pọ̀."

Gbogbo iyì tí àlùbọ́sà náà ti gbà, láti ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ìyàwó Jídé, Naimat rántí rẹ̀ pátá. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó dìde, ó lọ mú iyọ̀ wá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní àlùbọ́sà ló fà á. Ó ṣì ń bínú nígbà tí ìyá náà na abọ́ sí i pé kó tún bu sí i.